Kòkòrò Tí Ń Bá Àgbẹ̀ Tọ́ Ilẹ̀ Wò

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ jókòó ti rédíò, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣìṣe ara mi. Ní ọdún kan tí mo ń dáko díẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé, mo gbin ẹ̀wà. Ọkùnrin kan wà ní ìtòsí mi tí ó gbin àgbàdo. Mo rí i tí ó ń wọ́n ajílẹ̀ òyìnbó sí ìdí àgbàdo rẹ̀, àgbàdo náà sì tutù yọ̀yọ̀. Èmi náà lọ ra àpò kan. Yùríà ni. Mo wọ́n ọn sí ìdí ẹ̀wà mi, n kò sì fi ọwọ́ kékeré wọ́n ọn. Ẹ̀yin ará, ewé ẹ̀wà náà gbòòrò, ó fà káàkiri, ó bo gbogbo ilẹ̀. Àwọn tí ń kọjá lọ ń kí mi kú oríire. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di àkókò ìkórè, ohun tí mo rí ká kò kún igbá. Ìyàwó mi wo ewé, ó wo igbá, ó ní, “Bàálé mi, ewé tí a ó fi pọ́n mọ́ínmọ́ín ti wà, ẹ̀wà rẹ̀ dà?”

N kò rí èsì fọ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo fún ẹni tí ó ti yó ní oúnjẹ, mo sì fi ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ sílẹ̀ láìfún un ní omi.

Oúnjẹ mẹ́ta ni irúgbìn ń fẹ́ jù lọ láti inú ilẹ̀. Èkíní ni náítírójìn, tí ń mú kí ewé tutù kí igi rẹ̀ sì ga. Èkejì ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tí ń ran gbòǹgbò àti òdòdó àti èso lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni pòtásíọ́ọ̀mù, tí ń mú kí irúgbìn lágbára láti fara da ọ̀dá àti àrùn. Nígbà tí ẹ bá rí i tí a kọ 15-15-15 sí ara àpò ajílẹ̀, ìwọ̀n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ó ń sọ fún yín. Ṣùgbọ́n náítírójìn nìkan ni ó wà nínú yùríà. Nínú àpò 50 kílò tí mo rà, kílò 23 ni náítírójìn, kò sì sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì níbẹ̀ rárá.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wà kì í sábà tọrọ náítírójìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí yìí, ìdá 78 nínú 100 ni náítírójìn, ṣùgbọ́n irúgbìn kò lè fi ẹnu kàn án níbẹ̀. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan tí ojú lásán kò lè rí, tí a ń pè ní bakitéríà, ni ó ń bá ẹ̀wà àti ẹ̀pà àti sóyà mú un láti inú afẹ́fẹ́. Inú kókó kéékèèké tí ó wà lára gbòǹgbò ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀wà ń fún wọn ní oúnjẹ aládùn, àwọn náà ń fún un ní náítírójìn. Ọkùnrin ará Họ́láńdì kan tí ń jẹ́ Martinus Beijerinck ni ó kọ́kọ́ yọ àwọn bakitéríà yìí kúrò nínú kókó gbòǹgbò, tí ó sì sìn wọ́n lọ́tọ̀, ní ọdún 1888. Nígbà tí ẹ̀wà bá rí i pé náítírójìn ti kún inú ilẹ̀, a fọwọ́ rọ́ àwọn àlejò rẹ̀ yìí sẹ́yìn, a sì máa ta ewé. Ohun tí èmi fi owó mi rà nìyẹn: mo sanwó láti lé àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ kúrò ní oko mi.

Ìbéèrè tí ó kù ni pé, báwo ni ǹ bá ti ṣe mọ̀?

Àwọn bàbá wa ní ọ̀nà tiwọn. Wọn a wo àwọ̀ ilẹ̀, wọn a bu ú sí àtẹ́lẹwọ́ kí wọn rún un, wọn a wo irú koríko tí ó hù níbẹ̀, wọn a sì wo bóyá ìgbẹ́ ekòló pọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n mọ ilẹ̀dú yàtọ̀ sí ilẹ̀ oníyanrìn, wọ́n sì mọ ilẹ̀ ọlọ́ràá yàtọ̀ sí èyí tí ó ti ṣá. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣá, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó sinmi fún ọdún púpọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yìí gan-an ni. Ṣùgbọ́n ó wà fún ayé tí ilẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ní òde òní, àgbẹ̀ mélòó ni ó lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá?

Irúgbìn fúnra rẹ̀ a máa sọ̀rọ̀. Bí náítírójìn bá wọ́n, ewé ìsàlẹ̀ àgbàdo a pupa rúsúrúsú láti ṣóńṣó wá sí àárín. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá wọ́n, ewé àgbàdo kékeré a ní àwọ̀ àlùkò. Bí ó bá ṣe pòtásíọ́ọ̀mù ni, etí ewé tí ó ti dàgbà a gbẹ bí ẹni pé iná jó o. Àléébù ibẹ̀ ni pé nígbà tí ewé bá fi máa sọ̀rọ̀, ebi ti pa á pẹ́.

Ọ̀nà mìíràn tún wà: kí a bu ilẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ọ̀nà yìí dára, n óò sì padà sí orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé àyẹ̀wò jìnnà sí ọ̀pọ̀ oko, ó ń gba owó, ó sì ń gba ọjọ́. Pàápàá ní ti náítírójìn, irú èyí tí irúgbìn ń mu jù, tí a ń pè ní náítíréètì, kì í dúró lójú kan. Òjò ńlá kan lè wẹ̀ ẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí gbòǹgbò kò lè dé mọ́. Èyí tí òjò bá wẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ lè wọ inú odò àti kànga. Omi tí náítíréètì bá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò dára fún ọmọ ọwọ́ rárá. 50 mílígíráámù nínú lítà omi kan ni àjọ ìlera àgbáyé fi ṣe òpin.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ ní Àbújá, wọ́n sì pinnu pé ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ wa ń lò kò tó, pé kí ó kúrò ní nǹkan bí kílò 8 oúnjẹ irúgbìn lórí hẹ́kítà kan kí ó di kílò 50 kí ó tó di ọdún 2015. Ọdún 2015 dé, ó kọjá, a kò dé ibẹ̀. Èmi gbà pé ajílẹ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní owó àpò kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó mọ̀ jù lọ irú àpò tí yóò rà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn bakitéríà. Ilẹ̀ tí ó kún ṣíbí kékeré kan lásán, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju gbogbo ènìyàn tí ó wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà lọ. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́ ilẹ̀ wò. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí oúnjẹ wà nínú wọn ti kú tipẹ́. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe rò ó pé: bí àwọn wọ̀nyí bá ti mọ ohun tí ó wà nínú ilẹ̀, ṣé a kò lè kọ́ wọn kí wọ́n wí i fún wa?

Bakitéríà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Escherichia coli. Oníṣègùn ilẹ̀ Jámánì kan, Theodor Escherich, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1885. Inú ìfun ènìyàn àti ẹranko ni ó ń gbé. Àwọn kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ a máa fa ìgbẹ́ gbuuru, ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n ń sìn ní ilé ìwádìí kì í pa ni lára. Nígbà tí kò bá sí afẹ́fẹ́ tó, ó lè fi náítíréètì mí dípò afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ fi agbára rẹ̀ ṣòfò, kì í ṣe irinṣẹ́ tí ó fi ń mí náítíréètì àfi bí náítíréètì bá wà nítòsí.

Ẹ fi ojú inú wo ààfin ọba kan. Oníbodè kan dúró ní ẹnu odi. Náítíréètì dé, ó fọwọ́ kan oníbodè. Oníbodè yíjú padà, ó fọwọ́ kan ìlàrí tí ó dúró nínú. Ìlàrí sáré lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àṣẹ sí, ó ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ inú ààfin sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ohun tí ó wà ní ojú ìwé náà. Bí ó ti rí nínú bakitéríà yìí gan-an nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ń pe oníbodè náà ní NarX, wọ́n ń pe ìlàrí náà ní NarL. Ojú ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní jíìnì.

Ọgbọ́n tí wọ́n ta ni pé wọn kò fọwọ́ kan oníbodè, wọn kò sì fọwọ́ kan ìlàrí. Ojú ìwé tí ìlàrí ń ṣí ni wọ́n pààrọ̀. Wọ́n gé ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kúrò, wọ́n sì lẹ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ọn, èyí tí ó ń wí pé: tan ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí náítíréètì bá tún dé, oníbodè yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìlàrí yóò ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí yóò ti inú ààfin jáde ni iná.

Níbo ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ iná náà? Inú òkun ni. Ẹran omi kan wà tí ara rẹ̀ rọ̀ tí ó sì mọ́ gaara bí omi. Aequorea victoria ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Osamu Shimomura, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù, rí ohun kan nínú ara rẹ̀ ní ọdún 1962 tí ń ràn ní àwọ̀ ewé bí a bá tan iná aláwọ̀ aró sí i. Ní ọdún 1994, Martin Chalfie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá fi jíìnì ohun náà sínú bakitéríà, bakitéríà náà yóò máa ràn bákan náà. Àwọn méjèèjì yìí, pẹ̀lú Roger Tsien, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008.

Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì Berkeley ní Kalifóníà gbé iṣẹ́ kan jáde tí ó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Wọ́n mú ojú ìwé náítíréètì ti E. coli, wọ́n so ọ̀rọ̀ iná mọ́ ọn, wọ́n sì gbé e wọ inú ìbátan rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Enterobacter cloacae. Wọ́n wá da àwọn bakitéríà náà sínú ilẹ̀ tí koríko kan, ìbátan ọkà àwọn òyìnbó tí ń jẹ́ ọ́ọ̀tì, ń hù nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí náítíréètì ti ṣẹ́kù sí ní ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò.

Wọ́n tún dá ọgbọ́n kejì, èyí tí ó dùn mọ́ mi nínú ju ti iná lọ. Omi tí ó mọ́, bí ó bá kán ní ẹ̀kán kéékèèké, kì í tètè di yìnyín bí òtútù tilẹ̀ kọjá ibi tí omi ti ń dì. Ṣùgbọ́n bakitéríà kan wà ní ara ewé tí ń mú kí omi tètè dì. Òun ni ó ń ba irè oko jẹ́ ní ilẹ̀ olótùútù. Wọ́n mú jíìnì yìnyín yìí, wọ́n so ó mọ́ ojú ìwé náítíréètì. Lẹ́yìn èyí, wọ́n bu ilẹ̀, wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n kán an sórí ohun tútù ní ẹ̀kán ẹ̀kán, wọ́n sì ń ka iye ẹ̀kán tí ó dì. Bí èyí tí ó dì bá ti pọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni náítíréètì tí bakitéríà rí ti pọ̀ sí. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ wo bí wọ́n ti fi yìnyín ka oúnjẹ inú ilẹ̀!

Ẹni tí ó fetí sílẹ̀ dáadáa yóò ti kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ ni bakitéríà yìí ń sọ. Ohun tí ọwọ́ òun tìkára rẹ̀ tó ni ó ń sọ. Ilé àyẹ̀wò a máa wí iye oúnjẹ tí ó wà nínú abà. Bakitéríà a máa wí èyí tí ó dé inú àwo. Nígbà mìíràn, èyí gan-an ni àgbẹ̀ fẹ́ mọ̀, nítorí pé abà lè kún kí ọmọ inú ilé má rí jẹ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì a máa ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an nínú ilẹ̀ pupa wa: ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ dì í mú. E. coli ní oníbodè fún un náà, lọ́tọ̀ sí ti náítíréètì.

Nísinsin yìí, mo gbọ́ ìbéèrè tí ẹnì kan ń béèrè níbi tí ó jókòó sí. Ó ní: “Bí ẹ bá da ohun tí ẹ ti pààrọ̀ inú rẹ̀ yìí sí oko, ta ni yóò kó o padà?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Àwọn ará Kalifóníà béèrè rẹ̀ ní ọdún 1987, nígbà tí wọ́n fẹ́ fọ́n bakitéríà yìnyín tí a ti yọ jíìnì yìnyín rẹ̀ kúrò sí oko èso kékeré pupa kan tí ń jẹ́ sitirọ́bẹ́rì. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ì tíì mọ́ tí àwọn kan fi lọ hú irúgbìn oko náà. Wọ́n sì tún fọ́n ọn náà. Ní ọdún 1996, ní Oak Ridge ní ìpínlẹ̀ Tennessee, wọ́n gbé bakitéríà mìíràn wọ inú ilẹ̀ gidi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti tan ìmọ́lẹ̀ bí ó bá ti rí oró kan, èyí tí wọ́n fi ń ṣe káńfọ̀ tí a ń kó sínú àpótí aṣọ. Ṣùgbọ́n inú àwọn àgbá ńlá tí a rì mọ́lẹ̀ ni wọ́n kó ilẹ̀ náà sí, wọn kò fi í sílẹ̀ gbalasa.

Bakitéríà tí a ti sìn ní ilé ìwádìí sábà máa ń rọ lójú àwọn ọmọ onílẹ̀. Àwọn mìíràn a jẹ ẹ́, tàbí kí ó ju ẹrù tí a dì lé e lórí nù. Nítorí ìyẹn gan-an ni kò ṣe ṣeé gbọ́kàn lé fún odidi àkókò ọ̀gbìn kan. Ṣùgbọ́n bakitéríà a máa yá ara wọn ní jíìnì, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni búra pé ohun tí a bá dà sílẹ̀ kò ní rìn.

Iná rẹ̀ pàápàá kò rọrùn láti rí. Ta ni yóò rí iná ohun tí ojú kò lè rí, nínú erùpẹ̀, ní ọ̀sán gangan? Ní ọdún 2025, àwọn onímọ̀ MIT ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde. Wọ́n mú kí bakitéríà máa ṣe aró kan tí kámẹ́rà pàtàkì lè dá mọ̀ láàárín gbogbo àwọ̀ yòókù, àní láti ibi tí ó jìnnà tó 90 mítà. Wọ́n so kámẹ́rà náà mọ́ ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀. Kì í ṣe oúnjẹ irúgbìn ni wọ́n fi dán an wò o, àmì tí bakitéríà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni. Inú àpótí ni wọ́n sì kó àwọn bakitéríà náà sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè pààrọ̀ ojú ìwé lè pààrọ̀ oníbodè pẹ̀lú.

Ní tèmi, inú ife ni mo fẹ́ kí bakitéríà yìí wà, kì í ṣe inú oko. Kí àgbẹ̀ bu ilẹ̀ rẹ̀ wá, kí a pò ó mọ́ omi, kí a da omi náà lé bakitéríà lórí nínú ife, kí ó wí ohun tí ó rí, kí a sì fi omi gbígbóná pa á nígbà tí ó bá wí tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a kọ́kọ́ wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí oríṣiríṣi ilẹ̀ wa, ti Ọ̀kè-Ògùn lọ́tọ̀, ti Oǹdó lọ́tọ̀, kí a lè mọ iye àpò tí ìmọ́lẹ̀ kan túmọ̀ sí. Láìṣe èyí, iná lásán ni, kò tíì di ìmọ̀ràn. Ilẹ̀ wa ní òfin tirẹ̀ lórí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2015. Òun náà ni wọ́n tẹ̀lé ní ọdún 2019 nígbà tí wọ́n gba àwọn àgbẹ̀ láyè láti gbin ẹ̀wà tí a fi jíìnì bakitéríà inú ilẹ̀ kan sí kí kòkòrò má baà jẹ pódi rẹ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa mọ́.

Ife tí mo ń sọ yìí kò ì tíì sí lọ́jà. Kí ó tó dé, ẹ̀yin àgbẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ilẹ̀ yín ń fẹ́, ẹ bu ilẹ̀ ní ibi bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún káàkiri oko kan náà, kí ẹ gbẹ́ ẹ jìn tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ má ṣe bu ibi tí ẹ ti sun igbó jọ, ẹ má sì bu ìdí ààtàn. Ẹ pò gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú garawa tí ó mọ́, tí kò gbé ajílẹ̀ rí. Ẹ sá a sí ibòòji kí ó gbẹ. Ẹ bu ìwọ̀n agolo kan nínú rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ oko náà sí i lára, kí ẹ sì gbé e tọ àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba tí ó wà lágbègbè yín lọ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Bí ó bá ṣe sóyà ni ẹ fẹ́ gbìn, ẹ béèrè bakitéríà sóyà, irú èyí tí IITA ti ṣe ní Ìbàdàn, tí a ń pò mọ́ irúgbìn kí a tó gbìn ín.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ní ọ̀la, ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni oko, kí ẹ fi ọ̀bẹ wú ẹ̀pà kan tàbí ẹ̀wà kan jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Ẹ fi omi ṣan gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan nínú àwọn kókó tí ẹ bá rí. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ pò mọ́ omi, àwọn òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá funfun tàbí tí kò bá sí kókó kankan níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni oko bóyá òun náà ra yùríà.

Ó dàárọ̀ o.